Súwíìṣì Ọlọ́gbọ́n: Inú Ògiri Ni Ọ̀rọ̀ Wà

Súwíìṣì tí a lè fi fóònù tàn, tí a sì lè fi fóònù pa, kì í ṣe nǹkan àjèjì mọ́ nílẹ̀ wa. Ó wà ní ọjà Alaba, ó wà ní Computer Village ní Ìkẹjà, àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń gbé e wá bá oníbàárà dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tí àwọn oníbàárà sábà máa ń béèrè ni pé, ṣé funfun ni àbí dúdú, ṣé gíláàsì ni, ṣé ó máa bá Alexa tí a ń fi ohùn pàṣẹ fún ṣiṣẹ́? Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú kì í tètè jáde lẹ́nu: wáyà mélòó ló wà nínú ògiri yín, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, tó tún dé? Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àgbéyẹ̀wò yìí ni pé ibi méjì yìí ni ire tàbí ìyà súwíìṣì ọlọ́gbọ́n ti ń wá nínú ilé wa. Fóònù kọ́ ló ń pinnu rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí aráyé ti ń ṣe wàhálà lórí súwíìṣì ara ògiri. Ní 1884, ní ìlú Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Henry Holmes ṣe èyí tó ń já iná kíákíá, kí iná tó ń ṣẹ́ yọ láàárín irin méjèèjì má baà jẹ wọ́n run. Ìlànà rẹ̀ ṣì wà nínú èyí tó ń dún “kẹ́” lára ògiri wa títí dòní. Ní 1975, Pico Electronics ní Glenrothes, ní Scotland, ṣe X10, tó ń gba orí wáyà iná inú ilé fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí gílóòbù. Philips mú gílóòbù Hue wá ní 2012, Amazon mú Echo tó ní Alexa nínú wá ní 2014. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà bíi Tuya àti Sonoff sọ owó rẹ̀ di ohun tí òṣìṣẹ́ olówó oṣù lè dá lábàá. Àyípadà ti bá gbogbo nǹkan tó wà níwájú súwíìṣì. Wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò yí padà, ibẹ̀ sì ni wàhálà àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Súwíìṣì àtijọ́ kì í jẹ iná. Láìfù, wáyà tó ń gbé iná wá, wọ inú rẹ̀, ó sì jáde lọ sọ́dọ̀ gílóòbù. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, irin méjì á pàdé, iná á kọjá. Níútírà ni ọ̀nà tí iná ń gbà padà, gílóòbù ló sì nílò rẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn oníwáyà wa bá ń fa wáyà gba inú páìpù, níútírà sábà máa ń dúró sókè sílíńgì. Láìfù àti wáyà tó ń padà lọ bá gílóòbù nìkan ló ń sọ̀kalẹ̀ wá sínú pátírẹ́ẹ̀sì, àpótí inú ògiri tí súwíìṣì ń jókòó lé. Wọn kò ṣe àìdáa. Wáyà wọ́n, kò sì sí ìdí tí ènìyàn fi máa ná owó sórí èyí tí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe nísàlẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àṣà yìí ti bá wa wá, pẹ̀lú pátírẹ́ẹ̀sì 3x3 àti sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Yorùbá tó ń gbé ilé àtijọ́ ní Peckham àti ẹni tó ń gbé Bódìjà fi ń bá ìṣòro kan náà pàdé.

Súwíìṣì ọlọ́gbọ́n kò lè gba bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú rẹ̀, ó ní rédíò, ó sì gbọ́dọ̀ wà lójúfò tọ̀sán-tòru kó lè gbọ́ ohun tí fóònù bá sọ. Bí kò bá rí iná jẹ, kò lè wà lójúfò. Bí níútírà kò bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní rí iná jẹ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa bíréékà, kó tú súwíìṣì kan, kó sì wo inú ògiri kó tó gbé owó lọ sọ́jà. Ẹ má ṣe fi àwọ̀ wáyà ṣe ẹ̀rí. Nínú ilé àtijọ́, pupa ni láìfù, dúdú ni níútírà. Nínú ìlànà tuntun, búráùn ni láìfù, búlúù ni níútírà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé, wáyà tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ oníwáyà lọ́jọ́ náà ló fà. Wáyà dúdú tí ẹ rí nínú pátírẹ́ẹ̀sì lè jẹ́ èyí tó ń gbé láìfù lọ sọ́dọ̀ gílóòbù. Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná ló lè sọ òótọ́.

Àwọn tó ń ṣe súwíìṣì yìí mọ̀ pé níútírà kì í sí, wọ́n sì ti ṣe irú èyí tí kò béèrè rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí iná tín-ń-tín máa gba inú gílóòbù kọjá nígbà gbogbo, kódà nígbà tí a rò pé a ti pa á, kí òun lè rí jẹ. Gílóòbù onírin-tẹ́ẹ́rẹ́ ayé àtijọ́ kò ka ìyẹn sí. Gílóòbù LED ló máa ń fi hàn: á máa tàn bàìbàì lóru, tàbí kó máa ṣẹ́jú. Wọ́n máa ń fi kapásítọ̀ kékeré kan sínú páálí ọjà náà, èyí tí oníwáyà máa so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gílóòbù láti gbé iná kékeré náà gba ibòmíràn. Ó sábà máa ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, níbi tí iná ti ń lọ sókè sódò bíi tiwa, tí gílóòbù tí a ń rà kì í sì í jẹ́ irú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, èmi kò ní fi irú rẹ̀ sí ju yàrá kan lọ kí n tó rí bó ṣe ń hùwà.

Èyí tó léwu jù ni níútírà tí wọ́n yá. Oníwáyà á ní kò sí níútírà nínú pátírẹ́ẹ̀sì yìí, ṣùgbọ́n sọ́kẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀ ògiri kan náà, á sì fa tirẹ̀ gòkè. Súwíìṣì á jí, fóònù á rí i, oníwáyà á gba owó rẹ̀, á máa lọ. Ilé wa kì í sábàá ní orísun iná kan ṣoṣo. NEPA wà, jẹnẹrétọ̀ wà, ínfátà wà. Ọ̀pọ̀ ilé ti ya gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n sọ́tọ̀ sórí ínfátà, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná sílẹ̀ fún NEPA. Bí láìfù gílóòbù bá ti ọ̀dọ̀ ínfátà wá, tí níútírà tí wọ́n yá sì jẹ́ ti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lórí NEPA, iná tó jáde níhìn-ín á máa wá ọ̀nà padà gba ibòmíràn. Bíréékà tó ń ṣọ́ iná tó ń jò á máa já, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ìdí. Súwíìṣì lè kú fin-ín-fin-ín nígbà tí wọ́n bá yí ṣéńjì-ófà. Ibi tó burú jù ni pé ẹni tó bá pa bíréékà sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó sì tú wáyà rẹ̀ láti tún un ṣe, lè bá iná pàdé lórí wáyà tó gbà pé ó ti kú. Níútírà súwíìṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìlà gílóòbù tó ń darí. Kò sí ìdí kankan láti gbọ̀jẹ̀gẹ́ lórí èyí, bó ti wù kí oníwáyà náà ní ìrírí tó.

Fún ilé tó ti wà nílẹ̀, ohun tí mo fọwọ́ sí jù ni ríléè kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ, irú èyí tí Shelly ti ilẹ̀ Bulgaria àti Sonoff ń ṣe. Kò sídìí láti yọ súwíìṣì àtijọ́. Ríléè náà lè wà lẹ́yìn súwíìṣì, ṣùgbọ́n nínú ilé wa, ibi tó dára jù fún un ni òkè sílíńgì, níbi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀, torí pé ibẹ̀ ni níútírà wà. Wáyà méjì tó ń sọ̀kalẹ̀ sínú ògiri kò ní gbé iná gílóòbù mọ́. Iṣẹ́ wọn á kàn jẹ́ láti sọ fún ríléè pé wọ́n ti tẹ súwíìṣì. Fóònù á máa tàn án, ọwọ́ á máa tàn án, àlejò tó wọlé kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Ohun tó ń béèrè kò pọ̀. Ẹ fi í sínú àpótí tó ní ìdérí, ẹ má jẹ́ kó so rọ̀ sórí pákó sílíńgì, nítorí ó ń gbóná díẹ̀. Bí ilé bá sì jẹ́ ti POP tí wọ́n ti lẹ̀ pa, ẹ gbọ́dọ̀ ní ibi tí ọwọ́ lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́.

Bó bá jẹ́ súwíìṣì odindi lẹ fẹ́ fi rọ́pò ti àtijọ́, ẹ wọn jíjìn pátírẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀yìn súwíìṣì ọlọ́gbọ́n nípọn ju ti àtijọ́ lọ dáadáa. Ní Bìrìtìkó, inú àpótí tó jìn ní mìlímítà 16 tàbí 25 ni ọ̀pọ̀ súwíìṣì iná wà, bẹ́ẹ̀ 35 ni ọ̀pọ̀ irú tuntun yìí ń béèrè. Tiwa náà ní èyí tí kò jìn, pàápàá níbi tí ẹni tó rẹ́ ògiri ti fi sìmẹ́ńtì dí i. Wáyà tí a fipá tì sínú àyè tí kò gbà á máa ń tú lójú ìdè, ojú ìdè tó bá tú á sì gbóná.

Àwọn mọ̀lẹ́bí wa ní Houston àti Maryland náà ní ipa tiwọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n máa ń rí súwíìṣì tó dára ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á rà á, wọ́n á kó o sínú báàgì bọ̀ wá sílé. Fólítì 120 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún; 230 ni tiwa. Bí wọ́n bá so ó mọ́ iná wa, kò ní pẹ́ tó fi máa jó. Kódà èyí tó bá gba fólítì méjèèjì, gígùn ni àpótí inú ògiri tiwọn, onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba ni tiwa. Bó bá sì jẹ́ irú tó ń lo Z-Wave ni, rédíò ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù kì í gbọ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará òkè òkun fi owó ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ fólítì yìí tilẹ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ọ̀pọ̀ súwíìṣì ọlọ́gbọ́n ni wọ́n kọ 100–240 sí. Àwa tí a ń gbé níbí mọ̀ pé iná wa kì í dúró síbẹ̀. Bí níútírà bá já lórí òpó, tàbí ní tiransifọ́mà tó ń pín iná fún àdúgbò, fólítì tó ń wọ àwọn ilé kan á wálẹ̀, tí àwọn mìíràn á máa gòkè lọ sọ́nà 400. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ láti ṣe ni kí wọ́n sáré yọ tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Súwíìṣì ọlọ́gbọ́n kò ṣeé yọ. Ara ògiri ló wà, tòun ti kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan náà, iná burúkú kan ṣoṣo sì lè pa gbogbo wọn pọ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò bá tíì ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ fólítì nínú DB (àpótí bíréékà) rẹ̀, èyí tó máa ń já iná bó bá ga jù tàbí tó bá lọ sílẹ̀ jù, tó sì ń dúró díẹ̀ kó tó dá a padà, kó ra ìyẹn ná. Ẹ̀rọ yẹn ló yẹ kó jẹ́ ìnáwó àkọ́kọ́ lórí gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ìgbà tí iná bá lọ, tó tún dé. Níbi tí wọ́n ti ṣe àwọn súwíìṣì wọ̀nyí, ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Lọ́dọ̀ wa, ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú, ká má tíì ka ìṣẹ́jú akàn tí ṣéńjì-ófà fi ń kọjá láti orí jẹnẹrétọ̀ sí NEPA. Súwíìṣì àtijọ́ máa ń wà níbi tí a fi í sí. Bó bá wà nísàlẹ̀, iná tó dé á bá a nísàlẹ̀. Ti ọlọ́gbọ́n gbọ́dọ̀ rántí, tàbí kó ní ohun tí a ti sọ fún un. Nínú áàpù, ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń wà: kí ó wà ní pípa nígbà tí iná bá dé, kí ó wà ní títàn, tàbí kí ó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé ibẹ̀ nínú áàpù rárá. Wọ́n á wá bá ara wọn nínú ilé tí gbogbo gílóòbù yàrá ti tàn gbòò ní aago méjì òru nítorí pé NEPA dé, ọmọ á jí, àgbà á jí. Tàbí kẹ̀, wọ́n á ti àjò dé, wọ́n á rí i pé gílóòbù ti ń jó láti ọjọ́ kẹta, tí yúníìtì inú mítà sì ti dínkù.

Bí mo ṣe máa ń tò ó nìyí. Yàrá: kó wà ní pípa. Iná ìta tó ń ṣọ́ ilé: kó padà sí bó ṣe wà, kí òkùnkùn má baà bo ọgbà nítorí pé iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà àárín ilé: bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà. Gílóòbù kan sì wà tí mo máa ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n má ṣe fi súwíìṣì ọlọ́gbọ́n sí, ìyẹn èyí tí a ń ṣí sílẹ̀ lórí ìlà NEPA ká lè mọ̀ pé wọ́n ti mú iná dé. Ọ̀pọ̀ ilé tó ní ínfátà ló ní irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ níbì kan, ní kọ́rídọ̀ tàbí lẹ́yìnkùlé, gbogbo ará ilé sì mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó tàn fúnra rẹ̀ lọ. Súwíìṣì àtijọ́ ń ṣe é láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìbátan ọ̀rọ̀ yìí ni ráútà. Bí iná bá dé, súwíìṣì á jí kíákíá, ráútà á ṣì máa wá ọ̀nà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní àkókò yẹn, fóònù kò ní rí súwíìṣì kankan. Ẹ gbé ráútà sórí ínfátà, tàbí kí ẹ fi bátìrì kékeré tirẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Rédíò 2.4 GHz ni ọ̀pọ̀ súwíìṣì oní-Wi-Fi ń gbọ́, wọn kì í gbọ́ 5 GHz, bẹ́ẹ̀ blọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́sàn-án tí a fi ń kọ́lé máa ń jẹ rédíò náà gan-an. MiFi kékeré tí ọ̀pọ̀ wa ń lò kì í sì í gba ẹ̀rọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ kì í ju mẹ́wàá lọ. Súwíìṣì mẹ́jọ àti fóònù mẹ́ta ti kún un ná. Nǹkan kékeré kan tún wà tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà: bí ẹ bá kúrò lórí MTN lọ sórí Airtel, tí ẹ sì gba ráútà tuntun, ẹ fún un ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ti àtijọ́ ní. Gbogbo súwíìṣì á padà wọlé fúnra wọn.

Súwíìṣì Wi-Fi ló rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, kò nílò ohun mìíràn. Ti Zigbee nílò àpótí kan tó máa jẹ́ olórí wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ní níútírà máa ń gba ọ̀rọ̀ fún ara wọn láti yàrá dé yàrá, èyí sì bá ilé oníblọ́ọ̀kù mu ju Wi-Fi lọ. Matter, ìlànà tí Apple, Google, Amazon àti àwọn mìíràn jọ fọwọ́ sí, jáde ní oṣù kẹwàá 2022, kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan lè bá ti èkejì sọ̀rọ̀ láàárín ilé. Bí ẹ bá rí àmì rẹ̀ lára páálí, ó dára kí ẹ san díẹ̀ lé e.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀nà tí àṣẹ yín ń gbà ṣe pàtàkì ju orúkọ rédíò lọ. Nínú ọ̀pọ̀ súwíìṣì olówó pọ́ọ́kú, bí ẹ bá tẹ fóònù nínú pálọ̀, ọ̀rọ̀ náà lè kọ́kọ́ rìn lọ sórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní ilẹ̀ mìíràn kó tó padà wá tan gílóòbù tó wà lókè orí yín. Dátà tán, ó parí. Ilé-iṣẹ́ kógbá sílé, ó parí. Àpẹẹrẹ rẹ̀ sì wà. Nest, tó wà lábẹ́ Google, ra Revolv ní 2014, wọ́n sì pa á pátápátá ní oṣù karùn-ún 2016. Àpótí tí àwọn ènìyàn ti fi owó rà di ike lásán. Ní oṣù kẹrin 2022, kọ̀ǹpútà Insteon ní Amẹ́ríkà dákẹ́ láìsí ìkìlọ̀, àwọn oníbàárà jí, wọn kò lè pa ohunkóhun láṣẹ lórí fóònù mọ́, kó tó di pé àwọn kan nínú wọn ra ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ ra èyí tó lè ṣiṣẹ́ láàárín ilé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún ẹni tó bá ní sùúrù, Home Assistant wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2013. Kọ̀ǹpútà kékeré kan nínú ilé tó láti gbé e, ó sì lè kó àwọn ẹ̀rọ oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ pọ̀ sábẹ́ àṣẹ kan.

Àwọn olùtajà máa ń sọ pé ó ń dín owó iná kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Súwíìṣì kan ń jẹ nǹkan bí ìdajì wáàtì sí wáàtì kan láti wà lójúfò. Bó bá jẹ́ wáàtì kan, wákàtí 24 sọ ọ́ di wáàtì-wákàtí 24. Gílóòbù LED oníwáàtì mẹ́sàn-án á tàn fún wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú kó tó jẹ iye yẹn. Ìyẹn ni pé àfi bí ẹ bá máa ń gbàgbé gílóòbù kan ṣoṣo náà ní títàn ju wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú lọ lójoojúmọ́ ni súwíìṣì tó ń bá yín pa á fi lè san owó oúnjẹ ara rẹ̀. Súwíìṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ínfátà fún wákàtí mẹ́wàá á jẹ wáàtì-wákàtí 150. Bátìrì 12 fólítì, 200 Ah, tí a kì í fẹ́ lò kọjá ìdajì rẹ̀, kò ní ju 1,200 lọ láti fi tọrẹ; ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀ ti lọ kí gílóòbù kankan tó tàn. Ní ayé gílóòbù oníwáàtì 60, ọ̀rọ̀ olùtajà yìí ìbá tà. LED ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ súwíìṣì.

Ibòmíràn ni èrè rẹ̀ wà, ó sì jẹ́ èrè gidi. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, tí súwíìṣì sì ga jù fún un, ní òmìnira tuntun nígbà tí iná bá ń gbọ́ tirẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá tó ti dàgbà tó ń dìde lóru lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè rí i kí ọ̀nà mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń mọ̀ pé ènìyàn ń kọjá sí kọ́rídọ̀. Àgbà tó ṣubú nínú òkùnkùn kì í sábàá dìde bó ṣe wà. Iná ọgbà lè tàn nírọ̀lẹ́ kó sì kú láàárọ̀, kódà bí onílé bá wà ní Kùtọ́nù. Ilé tí kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀ lè máa tan iná yàrá kan, kó sì máa pa á, bí ẹni pé ènìyàn wà níbẹ̀. Fún nǹkan wọ̀nyí, súwíìṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló tó nínú ọ̀pọ̀ ilé. Kò sí ìdí tí ti sítọ́ọ̀ fi gbọ́dọ̀ gbọ́n.

Gbígbé pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ará ilé, kì í ṣe ti ẹni tó rà á nìkan. Òfin kan ṣoṣo ni mo gbà pé ó yẹ: àlejò tó wọ yàrá nínú òkùnkùn gbọ́dọ̀ lè fọwọ́ tá ògiri, kó tẹ nǹkan, kí iná tàn, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Súwíìṣì gíláàsì tí kò ní ohun tó yọ síta máa ń kùnà níbẹ̀, pàápàá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, tí ọwọ́ wọn sì tutù láti ilé ìdáná. Ẹ yan èyí tó ní bọ́tìnì gidi. Alexa kò ní Yorùbá lára àwọn èdè tó ń gbọ́. Kò tọ́ kí Màmá máa wá Gẹ̀ẹ́sì kiri nínú ilé ara wọn kí wọ́n tó lè tan iná.

Lórí ohun tí ẹ lè so mọ́ súwíìṣì ọlọ́gbọ́n, mi ò ní sọ púpọ̀. Gílóòbù ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ omi gbígbóná ní súwíìṣì ńlá tiwọn. Ẹ má ṣe so fáànù mọ́ súwíìṣì tó ń dín iná gílóòbù kù. Fáànù á máa kùn, á sì gbóná. Bí àtẹ̀gùn yín bá ní súwíìṣì méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí wáyà tó ń kọjá láàárín méjèèjì kì í ṣe láìfù lásán. NEMSA ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ iná níwèé ẹ̀rí. Kò sí ìtìjú nínú kí ẹ ní kí oníwáyà fi tirẹ̀ hàn. Ẹni tó bá sì fẹ́ tú súwíìṣì láìpa bíréékà, pẹ̀lú àwáwí pé NEPA kò sí, ẹ dá a dúró. Ínfátà wà.

Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ló wà ní ipò tó dára jù. Kí ó sọ fún oníwáyà, kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, pé kí níútírà sọ̀kalẹ̀ dé gbogbo pátírẹ́ẹ̀sì, kí pátírẹ́ẹ̀sì náà sì jìn. Owó wáyà yẹn kéré sí owó ẹni tó máa gbẹ́ ògiri ní ọdún márùn-ún sí i, àní bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé súwíìṣì lásán ló máa kọ́kọ́ fi síbẹ̀.

Nǹkan kan kù tí àwọn ènìyàn kì í kà sí, ìyẹn ẹni tí súwíìṣì náà ń jẹ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́, oníwáyà sábà máa ń gbé fóònù tirẹ̀ jáde, á fi ímeèlì tirẹ̀ forúkọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á wá pín in fún onílé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni àṣẹ ilé náà wà. Ó lè rí ìgbà tí ẹ ń sùn, ìgbà tí ẹ ń jí, àti ọjọ́ tí iná kankan kò tàn nítorí pé ẹ kò sí nílé. Ímeèlì onílé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ síbi tí ìyàwó tàbí ọkọ ti lè rí i. Ayálégbé náà ní tirẹ̀: kó gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé kó tó tú ohunkóhun, kó fi àwọn súwíìṣì àtijọ́ sínú ọ̀rá kan, kó kọ orúkọ yàrá sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tó bá ń kó lọ, kó dá wọn padà sí àyè wọn. Bó bá sì fẹ́ fi ti ọlọ́gbọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀, kó pa wọ́n rẹ́ kúrò nínú áàpù tirẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́.